Awakọ̀ Rọ́bà Tó Bu Àbàjà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí nígbà tí mo dé Èkó ni pé Kétu wo. Mo ti sọ fún ọkùnrin tó ń mú mi wo yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá pé Kétu ni mo ti wá, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

"Kétu ẹ̀gbẹ́ Ọjọ́ta?" ni ó wí. "Kí ló wá lé yín kúrò níbẹ̀?"

Mo ní rárá, Kétu ìlú ọba ni, ní òdìkejì ẹnubodè, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti ṣèjọba rí. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Áà, ará Kútọnù ni yín. Ẹ wá gbọ́ Yorùbá tó báyìí. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó kí mi kú iṣẹ́ tán, ó wá rántí pé ẹnì kan ti gba yàrá náà lánàá.

Èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ni ó ń yìn mí fún. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olú ìlú wa, wọ́n ń nà wá bí a bá sọ ọ́. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ nítorí pé mo gbọ́ ọ. Títí di òní, n kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá lọ gbé ní ilẹ̀ òyìnbó kì í ṣe iyèméjì pé òun ti kúrò nílé. Òtútù á sọ fún un, oúnjẹ á sọ fún un, ojú tí wọ́n fi ń wò ó nínú ọkọ̀ á sọ fún un. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí mo rìn kò jìn tó ti ẹni tó ti Ìlọrin wá. Èdè mi ni mo bá níbẹ̀, irú orúkọ tí à ń jẹ nílé ni mo bá níbẹ̀, ẹ̀kọ tí mo fọ́ mu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, ohun gbogbo yẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ bàtà ẹlòmíràn tí ó sì bá a lẹ́sẹ̀ mu. Bàtà náà kò há, kò sì tóbi, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ ni yóò máa rántí pé òun kọ́ ló ni ín.

Ara mi kò balẹ̀. Bí mo bá jáde lẹ́nu iṣẹ́, n kì í lọ tààrà sílé. Màá rìn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé tí mo ń gbé, màá rìn dé Ìkòtún, màá wo ọjà tí n kò ní rà, màá sì padà. Kì í ṣe pé mo ń wá nǹkan kan. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé tí mo bá jókòó pẹ́, ẹnì kan yóò wá bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Ìwé tèmi pé, ṣùgbọ́n àwọn onílé kò gbàgbé àṣẹ náà, ó sì rọrùn fún wọn láti sọ pé yàrá ti tán ju kí wọ́n yẹ ìwé ẹni wò lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó fún mi ní yàrá ni Bàbá Ṣọlá, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, tó kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ sí Ìdímù. Kò bi mí ní Kétu wo. Ó ní kí n má ṣe da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé bí ohunkóhun bá lé mi kúrò nínú yàrá yìí, n kò ní wá òmíràn mọ́. Ilé ni màá gbà lọ.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti olùkọ́ èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ti ka ìwé ìtàn dé yunifásítì kí n tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo kọ́ kọ́ ni ìtàn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní Mùsíọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni ní èdè tí mo ń kọ́ wọn. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ni orúkọ náà ti tẹ̀lé mi dé Ìdímù, àwọn tí a jọ ń gbélé gbà á, nígbà tó yá kò tún sí ẹni tó mọ òmíràn.

Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo ti rí bàálù rọ́bà kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, tí eruku ti bo ìyókù. Mo tọrọ àyè láti gbé e lọ sílé. Ní Àjàṣẹ́, olùkọ́ ìṣirò wa, ọmọ Faransé kan, a máa kó díẹ̀ nínú wa jọ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí kò bá sí ẹ̀kọ́, a sì máa kọ́ wa bí a ti í to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wéwé-wéwé ni wọ́n ti máa ń wà nínú páálí, ara ẹ̀ka rọ́bà tín-ínrín ni wọ́n so mọ́ bí ata ti í so mọ́ igi, nọ́ńbà sì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A ó gé wọn, a ó fi góòmù tò wọ́n, a ó kùn wọ́n ní ọ̀dà títí tí wọn yóò fi jọ ọkọ̀ gidi tí a dín kù. Ọwọ́ mi kò gbàgbé iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo gbé bàálù ọ̀gá wa padà pẹ̀lú ìyẹ́ méjèèjì àti ọ̀dà tuntun, òbí kan tó wá sí ìpàdé rí i, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ṣe é.

Ẹnjiníà Oyèníran ni ọkùnrin náà. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sí Gowon Estate. Ó gbé mi lọ sílé rẹ̀, ó sì fi àtẹ kan hàn mí nínú pálọ̀, tí bàálù rọ́bà kún orí rẹ̀. Nígbà tó ń kàwé ní ìlú òyìnbó ló tò wọ́n. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ti ká ìyẹ́ òmíràn kò nínú wọn. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti bá oòrùn parí ìyókù.

"Wo èyí, Mùsíọ̀," ni ó wí. Bàálù akẹ́rù ńlá kan ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó mú àwọn ọkùnrin rọ́bà mẹ́rin jáde láti inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi gbígbóná. "Irú ọkọ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ la jọ ṣiṣẹ́."

"Ẹ fẹ́ kí n tún wọn kùn, sà?"

"Kùn wọ́n bí àwa ṣe rí. Èyí ni awakọ̀ wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó dúdú, ó bu àbàjà mẹ́rin. Òyìnbó kan bi í nígbà kan bóyá ẹkùn ló ya á lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kó lọ wo bí ẹkùn náà ṣe rí."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì, sà."

"Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Bó bá rọrùn ni, ọmọ ọmọ mi ni ǹ bá gbé e fún. Ìyẹn sì ti ṣe tiẹ̀." Ó fi ìka kan èjìká awakọ̀ náà, níbi tí apá ọ̀tún ti kán. "Ó ní òun kọ́ lòun jẹ apá yẹn. A kò tíì rí i títí di ìsinsìnyí."

Ara bàálù náà gùn ju tábìlì mi lọ, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni mo dì sínú aṣọ ìnujú tí mo kó lọ sí Ìdímù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí a ti ń ṣe é ni wàhálà fi dé. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rọ́bà. Tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń la ọ̀dà kò ṣeé fi kàn án. Mo ti dán an wò lára ìrù bàálù kan, ìrù náà rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Òróró bíréèkì tí mo rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni mo wá rí pé ó ń ká ọ̀dà kúrò láì pa rọ́bà lára. Lẹ́yìn èyí, a ó wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Ní ìgbà òjò, kò sí ohun tó ń gbẹ bọ̀rọ̀ ní Ìdímù. Ọ̀dà tí mo bá kùn nígbà tí òjò bá ṣú á hu funfun bí ojú fèrèsé tí ìrì sẹ̀ sí, màá sì tún un bọ́. Mo wá kọ́ láti máa dúró de oòrùn.

Ènìyàn kékeré kò ṣeé dì mú nígbà tí a bá ń kùn ún, nítorí pé ibi tí ọwọ́ bá bò ni ọ̀dà kò ní dé. Mo ṣa ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin, mo mú ẹnu wọn gbóná ní iná àbẹ́là, mo sì gún wọn bọ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà. Mo rọ iyanrìn kún agolo mílíìkì kan, mo to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀ lórí ìdúró. Kí n má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, mo so òwú dúdú mọ́ ìdí ẹyọ ìgbálẹ̀ awakọ̀.

Ìwé tó máa ń bá páálí wá sọ bí a ti ń po àwọ̀ ara ènìyàn: funfun, pupa díẹ̀, àti ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ tiwa kò sí nínú rẹ̀. Mo po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ pupa, mo kán búlúù sí i, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo tún un pò. Nígbà tí mo parí, dúdú mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni mo ní, kò sì sí ọ̀kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí ní ojú ọ̀nà Ìpájà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí ó ti yẹ kí inú àgbàlagbà dùn sí ọ̀dà lọ. Fún àbàjà, mo tu irun ara búrọ́ọ̀ṣì kan títí ó fi ku ẹyọ méjì, mo sé èémí, mo sì fa ìlà mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Apá ni mo fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Ní àárín àkókò yìí ni mo lọ sí Ìkẹjà láti pe ìyá mi. Ní Kétu, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba ìpè, a sì ti ránṣẹ́ sí i kó wá jókòó síbẹ̀ dè mí. Ẹni tó ń so wáyà pọ̀ ní kí n ní sùúrù, pé ọ̀nà Faransé ni ìpè náà ń gbà kọjá.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ni ìyá mi wí. "Ohùn rẹ jìnnà."

"Wọ́n ní ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá, Ìyá."

"Kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀? Ìwọ tí mo lè wọ mọ́tò wá bá kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó húkọ́. "Kí lo ń ṣe lọ́wọ́?"

"Mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Tí mo bá sì délé, mo ń kun àwọn ènìyàn kéékèèké ní ọ̀dà."

Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.

"Àwọn ńlá ńkọ́?" ni ó wá bi mí. "Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fi sílẹ̀ kò tíì rí olùkọ́ ìtàn, pé ọ̀gá ibẹ̀ ṣì ń béèrè mi. Ó ní ta ni mo ní níbẹ̀ tó mọ̀ mí, tí mo lè ké sí tí ara mi kò bá yá. Mo fẹ́ dárúkọ ẹnì kan fún un. Mo ronú nípa ilé wa ní Ìdímù láti yàrá dé yàrá, gbogbo ẹni tí mo ń kí láàárọ̀, n kò sì rí ẹni tó mọ orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí. Mo ní owó ìpè ti fẹ́ tán.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà ni apá ọ̀tún Bàbá Ṣọlá kò ti gbé sókè mọ́. Ó lè fi ọwọ́ náà mú ife, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kọjá àyà. Ìyá Ṣọlá, aya rẹ̀, ni ó ń bá a dé bọ́tìnnì. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn ìpara, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà aya rẹ̀ fún un ní òróró, apá náà sì wà bó ṣe wà. Gbogbo wa ni a mọ̀, a sì ń kí i pé a ó rí ìwòsàn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo lọ pọn omi nínú kànga, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ọ̀dà. Ìyá Ṣọlá wá láti sọ fún mi pé òjò ń bọ̀, kí n ká aṣọ mi. Nígbà tí mo gbé garawa omi dé, mo bá a ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́rin ló ń wò ó láti inú agolo, ẹyọ ìgbálẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀kan kò lápá ọ̀tún, òwú dúdú sì wà nídìí rẹ̀.

"Mùsíọ̀," ni ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, "ta ni wọ̀nyí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ni, Mà."

"Bàálù." Ó wo gbogbo yàrá náà yíká. Ó yí padà, ó lọ.

Kó tó di ọ̀sán, Tíṣà ti wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ Èkìtì ni, olùkọ́ bíi tèmi, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ó jókòó lórí ibùsùn mi, ó tẹjú mọ́ agolo náà.

"Mùsíọ̀, wọ́n ní ẹ ti de Bàbá mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ bi mí ní ẹni tí kò wí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ṣọlá ní àbàjà Bàbá gan-an ló wà lójú rẹ̀, apá tó kán sì ni apá tó ń dùn wọ́n. Èmi wá wò ó bóyá mo wà níbẹ̀ ni. N kò rí Èkìtì kankan, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́, Tíṣà."

"Mo mọ̀. Wọ́n ní ìpàdé ń bẹ lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Bàbá bá ní kẹ́ ẹ lọ, ẹ máa lọ náà ni. Ẹ wulẹ̀ sọ fún wọn pé àbàjà tí ẹ fà kì í ṣe tiwọn."

Ìgbà tó jáde ni ẹ̀rù tó bà mí. Ohun tí ó ní kí n sọ, n kò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Bàbá Ṣọlá kọlà, ṣùgbọ́n mélòó ni? N kò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà, àràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i, bí wọ́n sì ti tọ́ wa ní Kétu náà ni wọ́n tọ́ wọn ní Ìsẹ́yìn: a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Mo lè ṣàpèjúwe sálúbàtà rẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti rán okùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni n kò mọ̀. Èmi tí mo lè sọ iye ìṣó tó wà lára ìyẹ́ bàálù, mo ti gbé lábẹ́ òrùlé ọkùnrin kan láì wo ojú rẹ̀ rí. Bí ilà tirẹ̀ bá sì jẹ́ mẹ́rin ńkọ́? Ta ni yóò gbà pé mo ṣèèṣì ni?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga sí àgbàlá. Bàbá Ṣọlá jókòó, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan. Aya rẹ̀ kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ayálégbé yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

"A kò bá ọ jà o, Mùsíọ̀," Ìyá Ṣọlá bẹ̀rẹ̀. "Ìbéèrè la ní. Ta ni ẹni tí kò lápá yẹn?"

"Awakọ̀ bàálù ni, Mà."

"Bàálù ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní Gowon Estate, lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

"Bàálù wà ní Gowon Estate. Awakọ̀ ẹ̀ wà ní Ìdímù, lórí ìgbálẹ̀."

Bó ṣe rí gan-an ni ó sọ ọ́.

"Àbàjà ló bù, mo fojú mi rí i. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Nínú ilé yìí, ta ló bu àbàjà tí apá ọ̀tún ń dùn?"

"Mà," Tíṣà wí, "tó bá jẹ́ ti àbàjà ni, ìdajì Ọ̀yọ́ ló yẹ ká pè sí ìpàdé yìí."

"Tíṣà, dákẹ́ jàre. Ìwọ tí ojú ẹ ń dán bíi ti ọmọ tuntun, kí ló kàn ọ́ nínú ilà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, ẹnì kan wí láti inú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Àwọn ará Dàhòmì ṣá, a mọ̀ wọ́n." Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀," Ìyá Ṣọlá wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, mo sì rí i pé kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ti ń dé bọ́tìnnì ọkọ rẹ̀ láti ìgbà òjò ni. "Fi apá ẹ̀ padà sí i. Báyìí, lójú gbogbo wa."

Apá náà wà nínú yàrá mi. Mo ti fi iná àbẹ́là rọ ègé rọ́bà kan, mo ti gbẹ́ ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀kán góòmù kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá lẹ̀ ẹ́ lójú wọn, mo ti jẹ́wọ́ pé ohun kan wà tí mo lè tú. Bí n kò bá lẹ̀ ẹ́, mo ti kọ̀ láti tú u.

"Tí mo bá fi apá náà sí i, Mà," ni mo wí, "tí apá Bàbá kò sì gbé sókè, kí lẹ máa sọ?"

"Wọ́n á ní góòmù ẹ kò dáa," Tíṣà wí.

"Tó bá sì gbé sókè ńkọ́?"

Tíṣà wo apá tó wà lórí itan Bàbá.

Bàbá Ṣọlá sún síwájú lórí àga rẹ̀. Ó wá ní, "Mú un wá kí n rí i."

Mo lọ mú awakọ̀ náà pẹ̀lú awò tí mo fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọwọ́ òsì ni Bàbá fi gba awò. Ọ̀tún kò ṣeé fi gbé ọkùnrin náà sókè, nítorí náà mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bá a gbé e dúró sí iwájú awò. Mo ń wo sálúbàtà. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

"Mẹ́rin ni," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mẹ́rin ni ti ẹni tí mo yà."

"Ìyá Ṣọlá, mélòó ni tèmi?"

Aya rẹ̀ yíjú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀. "Mẹ́ta ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí o ti ń wo ojú mi, àbí?"

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá Ṣọlá yí gèlè rẹ̀ ṣe. "Ta wá lẹni yìí?" ni ó bi mí.

"Awakọ̀ tó bá Ẹnjiníà kan ṣiṣẹ́ rí ni, Mà. Ọmọ Ọ̀yọ́."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

"Apá ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní méjèèjì pé, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí kó abọ́ wọn wọlé. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí mo rí i pé Bàbá Ṣọlá kò tíì fi awò náà sílẹ̀.

"Èmi kọ́ nìyí," ni ó tún wí. Mo retí kí n gbọ́ ìtura nínú ohùn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n pè jáde láti gba ẹ̀bùn, tí wọ́n wá sọ fún un pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. "Bàálù. N kò wọ̀ ọ́ rí. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ó ń gba orí ilé iṣẹ́ wa kọjá." Ó gbé awò náà fún mi. "Ṣé ọkùnrin rọ́bà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà. Àwọn kan ṣẹ́kù láti ara bàálù tó ti fọ́."

"Ṣe mí."

"Bàbá Ṣọlá," aya rẹ̀ wí.

"Jẹ́ kó ṣe mí. Kí apá méjèèjì pé. Kí ọ̀tún wà lókè, bí ẹni ń juwọ́ sí ará ilé."

Ìyá Ṣọlá wo ọkọ rẹ̀, ó wo apá tó wà lórí itan rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Kò gbọdọ̀ sí òwú nídìí ẹ̀."

"Kò ní sí òwú, Mà."

"O kò sì gbọdọ̀ gún ìgbálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

"Kí ni màá wá fi dì í mú, Mà?"

Ó rò ó. "Fi ọwọ́ dì í mú jẹ́jẹ́," ni ó wí, ó sì wọlé lọ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Ṣọlá yí àga rẹ̀ sí ibi tí oòrùn wà. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mo fi orí balẹ̀, mo ń dúró kó sọ ọjọ́ tó máa fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ lo máa yà ni?" ni ó bi mí. "Gbójú sókè, wò mí dáadáa."

Mo gbójú sókè. Ó ti di ojú rẹ̀ nítorí oòrùn, ó sì gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún. Àwọn ilà náà ti gbòòrò, ọjọ́ orí ti pò wọ́n mọ́ àwọn ìlà mìíràn tí olóólà kò mọ nǹkan kan nípa wọn, kò sì rọrùn láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo sún mọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.